Bí a ṣe yan ibi tí a ó rí nígbà tí a padà sí Abẹ́òkúta

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Abẹ́òkúta fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe wàhálà lórí ibi tí yóò lọ. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wọn yóò ti máa nawọ́ Olúmọ sí i. Yóò gun òkè náà, yóò ya fọ́tò, yóò ra adìrẹ ní Ìtokú, yóò sì gba ilé lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó ń padà lọ ni ọ̀rọ̀ le fún, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé, tí ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìlú náà fẹ̀, ó kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ó sì wà níbẹ̀ láti wò ju ohun tí òpin ọ̀sẹ̀ kan lè gbà lọ. Ó di dandan kí ènìyàn yan díẹ̀, kí ó sì gbójú kúrò lára ìyókù.

Àbúrò mi obìnrin ni a jọ lọ. Òun ni ó kọ orúkọ àwọn ibi tí ó fẹ́ rí sínú fóònù rẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bi í pé ṣé a ń kó lọ sí Abẹ́òkúta ni. Olúmọ wà níbẹ̀, Ilé Ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀, ààfin Aké, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ilé àwọn Ransome-Kútì ní Ìsàbọ̀, ibojì Ẹfúnróyè Tinúbú, afárá rélùwéè Lafẹ́nwá, ọjà adìrẹ, àti àwọn mìíràn tí n kò ní kà tán. Mo ní kí a fi òfin méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Èkíní ni pé kí àwọn ibi tí a bá yàn sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, nítorí pé ìlú tí ènìyàn bá ń ti inú kẹ̀kẹ́ kan bọ́ sí òmíràn wò, kò tíì rí i. Èkejì ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí yóò sọ nípa ìkejì rẹ̀. Lórí méjèèjì yìí ni mo wá fi ohun tí àbúrò mi kò kọ́kọ́ gbà sí: Olúmọ ni a ó gùn kẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò le. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kó wa lọ sí Olúmọ nínú bọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, a rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, a rí odò lọ́ọ̀ọ́kán, a pariwo, a mu mínírà, a sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè nawọ́ pé Aké nìyí, Ìkìjà nìyẹn, ọ̀nà ibí yìí ni ogun Dahomey, ìjọba àtijọ́ tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, gbà wá. Bí ojú kò bá ti mọ ohun tí ó wà nílẹ̀, kò sí bí ibi tí ènìyàn dúró sí ṣe lè ga tó tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ti rin ìlú náà kí ó tó gùn ún ni yóò mọ ohun tí ó ń wò.

Kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí, nítorí pé òun ni ó pinnu ibi tí a yàn. Àwọn Ẹ̀gbá kò fi ìlú kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Inú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n tẹ̀dó sí ní ìlú kéékèèké, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀, lábẹ́ Ọ̀yọ́, títí Lísàbí fi kó wọn jọ láti gba ara wọn sílẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tí ogun abẹ́lé gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní àwọn ọdún 1820 sí òkè, wọ́n fọ́ àwọn ìlú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé ẹsẹ̀ Olúmọ ní ọdún 1830. Àwọn Òwu dé bá wọn ní 1834. Ìlú tuntun yìí kò pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́. Àwọn ará Aké jókòó sí apá kan, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Aké. Àwọn ará Ìkìjà, Ìtokú, Kéńta, Ìjẹ̀mọ̀, Ìgbẹ̀ìn àti Ìtokò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, olúkúlùkù sì gbé àwọn olóyè rẹ̀ dání wá. Ìdí nìyí tí ọba tí ó wà ní Abẹ́òkúta fi ju ẹyọ kan lọ títí di òní: Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ ti Òkè-Ọnà wà, Àgúrá ti Gbágùrá wà, Olówu náà sì wà. Ẹni tí ó bá wọ kórópe la àárín ìlú kọjá, tí ó ń ka pátákó tí ó wà lójú ọ̀nà, orúkọ àwọn ìlú tí ogun ti jó ni ó ń kà láìmọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ ní Agége. Ó ti ń ná ọ̀nà náà láti ìparí ọdún 2020, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, ni wọ́n sì fi sọ ibùdókọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ladẹ́rin ni ibùdókọ̀ náà wà, ẹ̀yìn ìlú díẹ̀ ni, nítorí náà kí ẹ mú owó kẹ̀kẹ́ tàbí ti takisí dání, kí ẹ sì dúnàádúrà kí ẹ tó jókòó. Lọ́dọ̀ màmá ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ bíbí Ìkìjà, ni a dé sí. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí i ni ó ti ń bi wá ohun tí a fẹ́ jẹ, nígbà tí àbúrò mi sì ka àkọsílẹ̀ inú fóònù rẹ̀ sí i létí, màmá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ ò ní dúró níbì kan kí ẹ mí ni? Ẹ lọ sí Ìtokú láàárọ̀, kí ẹ ti ibẹ̀ gun Aké lọ. Ìyẹn tó yín." Ọ̀rọ̀ mi ni ó ti lẹ́yìn, inú mi dùn.

Ìtokú ni a fi bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, kí èrò tó pọ̀. Mo ti ra adìrẹ níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n rírà kọ́ ni a bá lọ lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń mọ ojúlówó, nítorí pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun, tí ó jọ adìrẹ lójú, ti kún ìsọ̀ káàkiri, owó rẹ̀ kò sì tó ti èyí tí ọwọ́ ṣe. Ìyá kan tí ó jókòó sí ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ ni a kí.

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi. Èwo ni ojú yín rí?"

Àbúrò mi sọ fún un láìṣàbòsí pé ẹ̀kọ́ ni a wá kọ́, pé bí a bá mọ̀ ọ́n tán ni a ó tó rà. Ìyá náà kò bínú rárá. Ó fa aṣọ méjì yọ, ó tẹ́ wọn sí orí itan rẹ̀, ó sì ní kí a má wo ojú wọn, kí a yí wọn padà. Ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ṣì funfun lápá kan, bí ẹni pé ẹnìkan kàn fi ọ̀dà kùn ún lójú. Ẹ̀yìn èkejì dúdú bí iwájú rẹ̀, aró ti wọ inú òwú aṣọ náà já. Ó ní, "Aró kì í gbé iwájú kó má dé ẹ̀yìn. Èyí tí kò bá dé ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ló ṣe é." Ó tún fi èékánná tọ́ka sí ibi tí àwòrán kan ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ìlà, ó ní ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó máa ń yẹ̀.

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú wa lọ sí agbo ilé tí wọ́n ti ń ṣe é lẹ́yìn ọjà, mo sì rò pé wákàtí tí a lò níbẹ̀ ni ó dára jù nínú gbogbo ìrìn náà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe jù níbẹ̀ báyìí ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kàmpálà: wọ́n á yọ́ àbẹ́là lórí iná, wọ́n á fi fóòmù tí wọ́n ti gé sí àwòrán tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, wọ́n á rì í sínú aró, lẹ́yìn náà wọ́n á fi omi gbígbóná yọ́ àbẹ́là náà kúrò, ibi tí àbẹ́là ti dí ni àwòrán yóò ti hàn. Ní igun kan, ìyá àgbàlagbà kan ń ṣe ti àtijọ́, adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ sè wà nínú abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ náà, ó sì ń fà á ní ìlà tín-ín-rín, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, kò fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò sì gbé ojú sókè. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, wọn yóò rì í bọ aró, wọn yóò fà á yọ, wọn yóò tún rì í, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ti fẹ́. Ìgbà tí ó bá gbẹ tán ni wọ́n á tó ha ẹ̀kọ náà kúrò. Wọ́n yọ aṣọ kan jáde nínú aró lójú wa: àwọ̀ ewé ni ó mú jáde, àbúrò mi sì ti fẹ́ sọ pé ó ti bàjẹ́, àfi bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ sí i, tí àwọ̀ ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti etí aṣọ wá sí àárín, tí gbogbo rẹ̀ sì di aró. Ọmọ ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àlejò ni ó máa ń ya ẹnu sí ibẹ̀ yẹn.

Ohun kan wà tí adìrẹ Abẹ́òkúta fi yàtọ̀ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni aró, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin wọ inú rẹ̀ ní ìlú yìí, nítorí pé àwọn ni ó ń fi páànù gé àwòrán tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ tẹ̀ sórí aṣọ. Iṣẹ́ náà mówó wọlé gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, nígbà tí aṣọ funfun òyìnbó wọ́pọ̀ ní ọjà. Lẹ́yìn náà ni kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó dé, ọjà bàjẹ́, Aláké sì fi òfin dè wọ́n ní àárín àwọn ọdún 1930, èyí tí àwọn aláró kò gbà, tí wọ́n sì bá a fà. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ti Ìtokú lọ sí Aké fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwọn obìnrin tí ó jáde sí ọba ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ààfin jiyàn.

Láti Ìtokú sí Aké kò jìnnà, ṣùgbọ́n òkè ni, bàtà gogoro kò sì wúlò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ó bá fẹ́ wọ inú ààfin gan-an, ẹ wá ẹni tí ó mọ ilé lọ́wọ́ kí ó tọrọ ààyè fún yín, kí ẹ sì múra bí ẹni tí ó ń lọ kí ọba. Ìta ni àwa dúró sí, ìta sì ni ohun tí a wá wò ti ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́tọ̀, àní lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ kankan nínú ìjọba. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà ní tìpátìkúùkù. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, olùkọ́ tí ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914, ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó kàwé. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà gbé ẹjọ́ wọn wá bá a ni ẹgbẹ́ náà yí padà, tí ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wá dúró sí iwájú ààfin yìí, wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n ń fi orin bú, wọn kò sì lọ sílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ladàpọ̀ Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ó padà dé ní ìparí 1950, ṣùgbọ́n owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà.

A dúró lábẹ́ òjìji kan níbẹ̀, mo sì sọ ìtàn náà fún àbúrò mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bàbá kan tí ó jókòó nítòsí gbọ́ wa, ó sì dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kún un pé àwọn ọkùnrin ló ń bá wọn tọ́jú ọmọ nílé lọ́jọ́ náà." N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni tàbí ó ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àbúrò mi ju gbogbo ìtàn tí mo ti ń sọ lọ. Ilé tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì gbé ní Ìsàbọ̀ ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ẹni tí ó bá wá nítorí Fẹlá, ọmọ rẹ̀, lè lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, iwájú ààfin ni ojúbọ obìnrin yẹn wà.

Gbọ̀ngán Ọgọ́rùn-ún Ọdún wà ní Aké níbẹ̀ náà. Ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ láti sààmì ọgọ́rùn-ún ọdún ìtẹ̀dó ìlú. Ojú rẹ̀ dára láti yà ní fọ́tò, ó sì tán.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, tí òun náà wà ní Aké, ni a fi pamọ́ di ọjọ́ Ìsinmi, mo sì gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ń padà lọ nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ènìyàn ń jọ́sìn nínú rẹ̀ ni, kì í ṣe mùsíọ́mù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó lè jẹ́ ìgbéyàwó ni ẹ ó bá níbẹ̀, tí ẹ ó sì máa yọjú bí amí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ wọ aṣọ yín dáadáa, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ gbọ́ orin. Ohun tí ó wà nídìí ibẹ̀ tó láti ronú lé lórí nígbà tí ìwàásù bá gùn. Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí òun pẹ̀lú Àjàyí Crowther padà wá láti dúró ní 1846, Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ẹrú ni wọ́n mú Àjàyí láti Òṣogùn ní 1821, nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Àwọn ọmọ ogun orí omi òyìnbó gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì dàgbà ní Sàró. Oṣù tí wọ́n wọ Abẹ́òkúta náà ni ó rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá àti ọmọ kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Mo ti ka ohun púpọ̀ nípa Crowther gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì, kò sì sí èyí tí ó wọ̀ mí lára tó èyí.

Townsend ni ó tún dá *Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1859. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí nìyẹn, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́ ní 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, ohun tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Ẹni tí ó bá ń kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi tèmi yìí kò gbọdọ̀ dé Aké kí ó má rántí rẹ̀.

Mo ti fo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kọjá. Ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀. A ti Aké dé ilé ní nǹkan bí aago méjì, màmá sì ti ro láfún dè wá. Àlejò tí ó bá dé Abẹ́òkúta tí kò jẹ láfún kò tíì dé ilé Ẹ̀gbá. Ewédú ni ó fi bù ú fún wa, pẹ̀lú ẹja tútù inú ọbẹ̀ ata. Ọ̀pọ̀ ènìyàn l'Ékòó ni yóò sọ fún yín pé ìrẹsì ọ̀fadà ni kí ẹ wá lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn, òtítọ́ sì ni pé ibẹ̀ ni Ọ̀fadà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn ti wà ní gbogbo ibi ìnáwó l'Ékòó. Láfún tí wọ́n rò dáadáa, tí kò kókó, tí kò sì rùn, ni ẹ kò ní rí lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni a tó lọ sí Olúmọ. Ìkìjà ni òkè náà wà, nítorí náà ìrìn díẹ̀ ni láti ilé màmá. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì dára fún àgbàlagbà tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá le, kí ó gba ọ̀nà àtijọ́ láàárín àpáta. Ọ̀nà náà há, ibòmíràn sì wà tí ènìyàn yóò ti fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ibẹ̀ ni ihò àpáta tí wọ́n sá pamọ́ sí nígbà ogun wà, ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti tẹ orí wọlé. Ẹni tí ó mú wa káàkiri fi àwọn ihò kéékèèké hàn wá lórí òkúta ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn obìnrin fi ń lọ ata nígbà náà. Àbúrò mi ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó ti yọ̀, ó ń dán. Ojúbọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì ń bọ òkè náà títí di òní, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni tàbí ohunkóhun níbẹ̀.

Mítà 137 ni orí òkè náà fi ga ju ojú òkun lọ, èyí tí kò tó ohun tí ènìyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n ìlú tẹ́ sílẹ̀ yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi hàn. Lọ́tẹ̀ yìí, àbúrò mi ni ó ń nawọ́. Ó rí Aké, ó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a gùn láti Ìtokú láàárọ̀. Mo fi odò Ògùn hàn án ní ìwọ̀ oòrùn. Apá ọ̀hún ni ogun Dahomey gbà sọdá ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, tí wọ́n sì kọlu odi ìlú ní Àrò, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó jẹ́ obìnrin. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà ni inú tún bí wọn sí i. Wọ́n lé wọn padà, àwọn Dahomey tún wá ní 1864, wọ́n sì tún lé wọn. Ẹfúnróyè Tinúbú, ẹni tí wọ́n ti lé kúrò l'Ékòó, ni ó kó ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà náà, ìyẹn ni wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde lé lórí. Ìtàn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú ìlú yìí bí ẹ bá tò ó pọ̀: aláró, Ìyálóde, àwọn tí ó kọ owó orí, ìyá Àjàyí. N kò yàn wọ́n nítorí ìyẹn, ìgbà tí a wà lókè ni àbúrò mi sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ àsìkò. Ní ìgbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo ìlú débi pé odò kò ní hàn; ní àárín òjò, àpáta máa ń yọ̀. Ìgbà tí òjò bá ti ń lọ sílẹ̀ tí ọyẹ́ kò tíì dé ni ó dára jù, kí ó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí pé àpáta náà ṣì máa ń gbóná lábẹ́ bàtà ní ọ̀sán.

Ohun tí a fi sílẹ̀ kò kéré. Ilé Ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mọ́sán ni ìjà pọ̀ lé lórí jù. Wọ́n ṣí i ní 2017, mùsíọ́mù ìgbésí ayé rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹranko wà níbẹ̀, ibi eré ọmọdé wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì nífẹ̀ẹ́ sí ìtàn ìjọba Nàìjíríà láti ìgbà ológun yóò rí ohun tí yóò kà títí. Èrò mi ni pé ó ń fẹ́ ọjọ́ kan gbáko fún ara rẹ̀, apá ibòmíràn nínú ìlú ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá fi wákàtí méjì há a mọ́ àárín Aké àti Olúmọ kò ní rí ọ̀kankan nínú wọn dáadáa. Afárá rélùwéè Lafẹ́nwá náà dára, ojú irin àtijọ́ tí ó kọjá lórí rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ti wà láti 1901, ṣùgbọ́n ọjà Lafẹ́nwá ní òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ibi tí mo fẹ́ gbé báàgì kọjá. Ibojì Tinúbú, a kò débẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń ro àbúrò mi.

Nígbà tí ìsìn parí ní Aké, a kí màmá pé ó dàbọ̀, ó di láfún gbígbẹ sínú ọ̀rá fún wa, a sì gba Ladẹ́rin lọ. Nínú ọkọ̀, àbúrò mi yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ń pa orúkọ àwọn ibi tí a ti dé rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi Òkè-Mọ́sán sí òkè pátápátá, ó ní ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ ni a ó lọ, pé tí n kò bá fẹ́ bá wọn lọ, kí n yá wọn ní owó ọkọ̀.